Kí Ọmọ Tó Buwọ́ Lu Ìwé

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Akron, tí àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́, àwọn ọmọdé a gba gbogbo ìta tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín agboolé. Òkúta méjì ni òpó ilé, bàtà tí a bọ́ sílẹ̀ ni ààlà, ẹni tí ó sì ni bọ́ọ̀lù ni adarí eré. Akron jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé ọdẹ mẹ́ta tí ó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, àti pé níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tí a ń pè ní Abessan, tí ìta rẹ̀ wà ní àdúgbò wa títí di òní. Lórí ilẹ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, níbẹ̀ náà sì ni àwa mélòó kan ti ń tọ́jú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọdé láti ọdún pípẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí máa ń bi wá léèrè ife-ẹ̀yẹ tí a ti gbà. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti wúwo. Ibi tí ó ti wúwo ni oṣù Kẹsàn-án, kí ilé ìwé tó wọlé, nígbà tí a bá jókòó ti ìwé orúkọ, tí a sì gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí yóò dúró, ẹni tí yóò gòkè lọ bá àwọn àgbà, ẹni tí a óò jọ̀wọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn, àti ẹni tí a óò sọ fún pé kí ó wá ọ̀nà mìíràn ní ayé. Orúkọ lásán ni ó wà lórí ìwé. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà lẹ́yìn orúkọ.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13, a kì í yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Eré ni ó ń ṣe, a sì jẹ́ kí ó ṣe é. Láti ọdún 14 sókè ni yíyàn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọmọ tí a bí ní oṣù Kìíní àti èyí tí a bí ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ń bá ara wọn díje bí ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni èkínní fi nǹkan bí ọdún kan gbáko ju èkejì lọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí a yàn sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Kì í ṣe pé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù ju àwọn yòókù lọ. Egungun wọn ni ó tètè le. Nítorí náà a máa ń kọ oṣù ìbí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, a sì máa ń bi ara wa pé: bí a bá fi ọdún méjì dúró de ọmọ kékeré yìí, kí ni yóò dà? Etí ni a sì ń wò ṣáájú ẹsẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ ohun tí a sọ ní ọjọ́ Ajé, tí ó sì ṣe é ní ọjọ́ Rú láìjẹ́ pé a tún un sọ, ọmọ náà lè lọ jìnnà. Èyí tí ó ń fi ẹsẹ̀ dárà ṣùgbọ́n tí kì í gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì, a máa ń fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Bí a bá pinnu tán, a kì í ka orúkọ ní gbangba. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ a sáré dé. Ẹni tí ó rí orúkọ rẹ̀ a fò sókè, ẹni tí kò rí tirẹ̀ a rọra yí padà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí omijé lójú rẹ̀. Ilé ni àwa ń lọ. A ó kí bàbá, a ó kí ìyá, a ó jókòó lórí ẹní tí wọ́n bá tẹ́ fún wa, a ó sì sọ ohun tí a rí níwájú ọmọ náà fúnra rẹ̀: ohun tí ó ṣe dáradára ṣáájú, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lẹ́yìn. A ó béèrè ilé ìwé, a ó béèrè iṣẹ́ ọwọ́. Nínú àwọn tí a ti bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń tún ọkọ̀ ṣe lónìí, àwọn kan ti di olùkọ́, ọ̀kan sì wà tí ó ń fọn fèrè adarí eré fún wa ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ń kí wa lójú ọ̀nà. Ìyẹn náà jẹ́ ife-ẹ̀yẹ.

Ìlú wa kì í ṣe àjèjì sí bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ Dragons de l'Ouémé gba ife aṣíwájú orílẹ̀-èdè ní ẹ̀ẹ̀mejìlá láàárín ọdún 1978 sí ọdún 2003, àwọn àgbà àdúgbò sì lè dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà bí ẹni ń ki oríkì. Nígbà yẹn, ohun tí ọmọ Akron ń lá lálàá ni kí ó wọ aṣọ Dragons ní pápá Charles de Gaulle, kí ìyá rẹ̀ sì gbọ́ ariwo náà láti ilé. Lónìí, àlá náà ti kọjá òkun, ó sì ní orúkọ.

Orúkọ náà ni Stéphane Sessègnon. Allahé ni a ti bí i ní ọdún 1984. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Requins de l'Atlantique ní Kútọnu kí ó tó lọ sí Créteil ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2004. Ó lọ sí Le Mans ní ọdún 2006, ó dé Paris Saint-Germain ní ọdún 2008, Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rà á ní oṣù Kìíní ọdún 2011. Òun ni balógun ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2019, nígbà tí Benin dé àárín àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì. Ọ̀mì ni a ta pẹ̀lú Gánà, Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn náà ni a ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Mòrókò, tí a sì fi pẹ́nátì 4 sí 1 lé wọn lọ sílé, kí Senegal tó fi góòlù kan ṣoṣo dá wa dúró. Láti ìgbà náà, kò sí ìyá kan ní àdúgbò wa tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ lè di ọrọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn Sessègnon tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ẹni ogún ọdún ni ó jẹ́ ní ọdún tí ó lọ sí Créteil, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn àgbà nílé kí ó tó lọ. Steve Mounié ní tirẹ̀, Parakou ni a ti bí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni ó ti dàgbà lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá wá sọ fún òbí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, àti pé ọ̀nà náà yóò tì ní ọ̀la, ó yẹ kí a wo ojú rẹ̀ dáradára.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Aṣọ rẹ̀ dára, ó mú bàtà bọ́ọ̀lù tuntun dání, ó ní mánájà ni òun. Ó wo àwọn ọmọ fún ọjọ́ méjì, ó yan ọ̀kan, ọmọ ọdún 15 tí ó ń gbá ẹ̀gbẹ́ òsì. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ó ti dé ilé wọn pẹ̀lú ìwé olójú-ewé mẹ́rin àti owó nínú àpò ìwé. Èdè Faransé ni ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Aránṣọ ni bàbá ọmọ náà. Ó gbọ́ Faransé tí a fi ń ra òwú, kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ ìwé àdéhùn. Ó ránṣẹ́ pè wá.

A jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé náà sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èkínní ní ọkùnrin náà nìkan ni ó láṣẹ láti bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí dúnàádúrà nítorí ọmọ náà, fún ọdún mẹ́wàá. Èkejì ní àwọn òbí fi àṣẹ wọn lórí ọmọ lé e lọ́wọ́ níbikíbi tí ó bá mú un dé. Ẹ̀kẹta ní gbogbo ohun tí ó bá ná ni yóò gbà padà láti inú owó tí ọmọ bá ń rí; a wá iye náà títí, a kò rí i. Bàbá náà gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ń wo aṣọ tí a kò wọ̀n, ó ní: « Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyá rẹ̀ mọ ọdún tí n óò dá a sílẹ̀. Ọdún wo ni ọ̀gbẹ́ni yìí yóò dá ọmọ tèmi sílẹ̀? »

A yí ìbéèrè náà sí Faransé fún àlejò. Ó dáhùn pé a kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Yúróòpù. Bàbá dá owó rẹ̀ padà fún un, ó dúpẹ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà sunkún mọ́jú. Fún oṣù mélòó kan ni kò fi kí wa dáradára, a kò sì bá a wí, nítorí pé kò sí ẹni nínú wa tí ó lè búra pé ìrìnàjò náà kì bá tí gbé e dé ibi gíga. Ó ti parí ilé ìwé girama báyìí, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu. Ìwé tí ó buwọ́ lù níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè aránṣọ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Àwọn baba wa mọ ohun tí a ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe a sì dúró gẹ́gẹ́ bí èlé owó náà. A kò sọ èyí láti yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jìyà nínú rẹ̀, ó sì dára pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní onígbọ̀wọ́. Gbogbo ẹbí mọ iye tí a yá. Ọjọ́ tí a bá san owó náà pé, ìwọ̀fà a di ẹni ara rẹ̀, a sì padà sílé. Ìwé olójú-ewé mẹ́rin yẹn kò ní onígbọ̀wọ́, kò ní iye, kò sì ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ tí ọmọ lè fi ojú sọ́nà fún. Ní ìlú bíi tiwa, tí a ti kó ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ríra àti títà ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Òfin wà lórí ọ̀ràn yìí, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2001 ni FIFA ti ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi nínú ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ní òde òní, aṣojú gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, àdéhùn òun àti agbábọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ. Àwọn tí òfin náà ń dáàbò bò kì í ṣe ènìyàn inú àlọ́. Jean-Claude Mbvoumin, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Faransé, dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní ọdún 2000 nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí àwọn mánájà kó dé ibẹ̀, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ìgboro nígbà tí ẹgbẹ́ kò gbà wọ́n.

Òfin kan náà rántí ẹni tí ó tọ́ ọmọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni a ó pín fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí ọdún 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 gba ìdá 0,25 nínú 100. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 gba 0,5. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá ta ọmọ kan ní mílíọ̀nù kan yúrò, ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 15 ní ẹ̀tọ́ sí 10 000 yúrò, èyí tí í ṣe 6 559 570 fráǹkì sẹ́fà. Ẹ wo iye bọ́ọ̀lù àti owó ilé ìwé tí ìyẹn yóò san ní àdúgbò kan! Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san án fún ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, tí kò sì ní ìwé tí ó fi hàn pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tí a fi ẹnu lásán sọ, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé orúkọ wa: ọjọ́ tí ọmọ dé, ọjọ́ tí ó kúrò, ibi tí ó lọ, àti ìdí rẹ̀.

Ìwé náà sì ń pa irọ́ lẹ́nu mọ́. Ní ọdún 2018, wọ́n lé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Benin tí kò yẹ kí ó ju ọdún 17 lọ kúrò nínú ìdíje àgbègbè ní ilẹ̀ Niger, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń yàwòrán egungun ọrùn ọwọ́ fi hàn pé àwọn kan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, a sì dá ẹ̀wọ̀n fún àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó fi irọ́ náà kọ́ wọn dàgbà jù wọ́n lọ. Bí a bá gé ọjọ́ orí ọmọ kan kúrú, àyè ọmọ mìíràn tí ó kéré ní tòótọ́ ni a gbà. Nítorí náà ìwé ìbí ni a kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ òbí, kí a tó béèrè bàtà.

Ohun kan tún wà ní Amẹ́ríkà tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa. Nínú baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, àṣà àtijọ́ ni pé ẹgbẹ́ méjì lè fi agbábọ́ọ̀lù kan pààrọ̀ òmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pààrọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals fi Curt Flood, aláwọ̀ dúdú tí ó ti ṣeré fún wọn ní ọdún 12, ránṣẹ́ sí Philadelphia Phillies. Flood kọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Bowie Kuhn, olórí eré náà, pé òun kì í ṣe ohun ìní tí a lè rà kí a sì tà láìka ìfẹ́ òun sí. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ó pàdánù rẹ̀ ní ọdún 1972, kò sì rí ipò rẹ̀ nínú eré gbà padà. Ní ọdún 1975 ni onílàjà kan, Peter Seitz, dájọ́ tí ó tú àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí àdéhùn wọn bá parí. Ẹlòmíràn ni ó jẹ èso igi tí Flood gbìn. Ní Yúróòpù, Jean-Marc Bosman, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gba irú òmìnira bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1995.

Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ẹgbẹ́ méjì lè fohùn ṣọ̀kan lórí owó, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù kò ní í lọ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá buwọ́ lu ìwé. Ohun tí Flood fi gbogbo agbára rẹ̀ wá, ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ Akron láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bí ó bá fi agbára náà sórí ìwé tí kò yé e, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé ìròyìn elédè méjì. Ẹgbẹ́ wa ní àwọn ènìyàn tí ó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ tí wọ́n sì ka Faransé dáradára. Irú wọn kò pọ̀ nínú agboolé tí àwọn mánájà ń wọ̀ ní alẹ́. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí òbí yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Représentation exclusive, a pè é ní « àṣẹ aṣojú kan ṣoṣo ». Remboursement des frais, a pè é ní « owó tí ọmọ yóò san padà ». Durée du contrat, a kò pè é ní gígùn àdéhùn. « Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìdásílẹ̀ » ni a pè é, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ti rán ọmọ kọ́ṣẹ́ rí mọ ìdásílẹ̀. Ó yẹ kí a ṣe irú rẹ̀ ní èdè Gun fún àwọn aládùúgbò wa, nítorí pé pápá kan náà ni àwọn ọmọ wa jọ ń gbá.

Ìbéèrè márùn-ún ni a ń kọ́ àwọn òbí láti béèrè kí ọmọ tó buwọ́ lu ohunkóhun. Ìwé àṣẹ ẹni yìí dà? Ọdún wo ni ìdásílẹ̀? Èló ni ọmọ yóò san padà, lórí kí ni? Bí ẹgbẹ́ kò bá gbà á, ta ni yóò san owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀? Ta ni onígbọ̀wọ́? Aṣojú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yóò dáhùn, a sì ti rí irú wọn. Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè ti dáhùn tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ti bọ́ọ̀lù òde òní, ọmọ tí a kò kọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, òun gan-an ni wọn yóò gbé tà. Oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀, ìwé orúkọ yóò tún ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì, tí ó sì ní ìrọ̀lẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀, kí ó wá bá wa jókòó.